Ẹ̀ẹ̀rùn tí Wọ́n Gé Igbó Kúkà Ukù

Mọ́ńdè, 4 Jánúárì 1943

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ yìí. Láti ẹnu ọ̀nà wa ní France Road, ní Kano níbí, n kò rí ilé tó kọjú sí tiwa. Ètè mi ti là, òróró tí Ìyá Bùnmi fi pa á kò ràn án.

Ọ̀gá òyìnbó tó ń darí iṣẹ́ igbó ìjọba pè mí níbi iṣẹ́ kí n tó jókòó. Ó ní nítorí ogun, èédú kò tó mọ́, igi ni ọkọ̀ ojú irin yóò máa jẹ láti ìsinsìnyí lọ. Igbó Kúkà Ukù ni wọ́n máa kọ́kọ́ gé. Igbó tí mo ti ń ṣọ́ láti ọdún kẹjọ sẹ́yìn, tí n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àáké kàn, òun ni wọ́n ní kí n lọ máa fi ọ̀dà sàmì sí lára fún gígé. Mo bi í léèrè ìsun omi tó wà láàárín igbó náà, èyí tí àwọn ará abúlé ń mu. Ó ní láti ibi àpáta dé ìdí ìsun, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan igi kan. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Mùnírù, ará Ọ̀ffà tó ń gbé ládùúgbò wa níbí, ni kọngílá tó gba iṣẹ́ gígé náà. Ìyá Bùnmi ní ó kúkú dára bó ṣe bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí a mọ̀.

Tọ́sìdeè, 7 Jánúárì

Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Kúkà Ukù. Atẹ́gùn dojú kọ mí, eruku kún mi lẹ́nu. Malam Sule, dagaci tó ń ṣe olórí abúlé náà, bu omi fún mi kí n fi bọ́jú kó tó bi mí léèrè ohun tí mo bá wá. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Nígbà tí ìjọba gba igbó náà lọ́wọ́ wọn, èmi ni mo jókòó sórí ẹní rẹ̀ tí mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ òyìnbó sí Háúsá. Mo ní kí wọ́n kó oko wọn kúrò, pé igbó yóò máa ṣọ́ omi fún wọn àti fún ọmọ wọn. Wọ́n kó oko wọn kúrò lóòótọ́. Lónìí mo tún jókòó níwájú ọkùnrin kan náà, mo ní a fẹ́ gé e.

Ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Lámí, tí kì í fi ọ̀rọ̀ sínú, ló kọ́kọ́ dáhùn láti ẹ̀yìn ọgbà.

"Mai Daji," bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn, oní-igbó, "lọ́dún tó kọjá o sọ ìdì igi orí mi kalẹ̀. Ẹ̀ka gbígbẹ ni. O ní tìjọba ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Inna."

"Ṣé ìjọba kò tíì mọ̀ nígbà yẹn pé òun náà fẹ́ dáná?"

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò wá.

Malam Sule wá bèèrè ọ̀rọ̀ ìsun omi náà. Mo sọ ohun tí ọ̀gá sọ.

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀, tàbí òun?"

"Òun ni."

"Ìwọ ńkọ́, kí ni ìwọ sọ?"

Mo ní bí òun ṣe sọ ni èmi náà sọ. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ojú ọjọ́, ó ní kí wọ́n gbé fùrá wá fún mi.

Túsìdeè, 12 Jánúárì

Láti àárọ̀ mo ń fi ọ̀dà sàmì. Ọ̀dà funfun ti wọ abẹ́ èékánná mi. Àyìn ló pọ̀ jù nínú igbó náà, èyí tó ga tó sì nà tààrà, igi tí iná rẹ̀ kì í tètè kú. Mo mọ púpọ̀ nínú wọn bí ènìyàn ṣe ń mọ ará àdúgbò. Ọ̀kan wà tí oyin ń gbé inú ihò rẹ̀. Mo fò ó. Mo rìn síwájú díẹ̀, mo tún padà lọ kùn ún, nítorí pé ọ̀gá máa wá yẹ iṣẹ́ mi wò.

Sọ́ńdè, 17 Jánúárì

Lẹ́yìn ìsìn, ẹ̀gbọ́n Mùnírù àti Amudat ìyàwó rẹ̀ wá kí wa. Amudat gbé máásà gbígbóná wá, Bùnmi jẹ ẹ́ títí ikùn fi ń ro ó.

"Obadiah," ẹ̀gbọ́n Mùnírù ní, "má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ igi wọ àárín wa."

"Kò ní wọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n, bí ẹ kò bá ti ré kọjá àpáta."

"Kí ni mo fẹ́ ré e kọjá lọ ṣe? Ṣé ìwọ rí mi bí ẹni tó máa gba omi lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ?"

Mo ní rárá. Òótọ́ inú mi ni mo sọ. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé Kano, tí a kò mọ ẹnìkan, ilé wọn ni a sùn.

Mọ́ńdè, 25 Jánúárì

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lónìí. Mo dúró títí igi kẹta fi ṣubú, mo bá wá sílé.

Túsìdeè, 2 Fẹ́búárì

Kò sí kẹrosíìnì ní ìsọ̀ kankan. Iyọ̀ pàápàá ti di ohun tí à ń tò fún. Bùnmi ń wúkọ́, ara rẹ̀ gbóná. Ìyá rẹ̀ ń fi Yorùbá bi í léèrè ibi tó ń dùn ún, ó ń fi Háúsá dá a lóhùn, kódà nínú ibà.

Túsìdeè, 9 Fẹ́búárì

Wọ́n ti ré kọjá àpáta.

Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ni. Kùkùté tútù, kò sí ọ̀dà mi lára ọ̀kankan. Àwọn alágbàṣe ní kí n lọ bi ọ̀gá àwọn. Mo yí kẹ̀kẹ́ padà, mo bá ẹ̀gbọ́n Mùnírù lẹ́bàá ojú irin níbi tí wọ́n ti ń to igi jọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ré kọjá."

"Mo mọ̀."

N kò retí pé kò ní jiyàn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò sílẹ̀ lójú ọ̀nà pòórá.

"Igi tí o sàmì sí kò tó ohun tí wọ́n ní kí n kó wá," ó ní. "Wọ́n ní bí agbára mi kò bá ká a, ẹlòmíì wà nílẹ̀. Ẹlòmíì yẹn, ṣé o rò pé ó máa wá kí ọ nílé kó tó gé e?"

"Ẹ ṣèlérí fún mi."

"Mo ṣèlérí. Bá mi bẹ Ọlọ́run."

Ó yíjú sí àwọn tó ń to igi, ó ń pàṣẹ fún wọn.

Tọ́sìdeè, 11 Fẹ́búárì

Mo mú ẹjọ́ lọ bá ọ̀gá, mo bá àpótí rẹ̀ ní dídì. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Èkó. Ẹni tó gba ipò rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí oòrùn ti bó nímú. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìsun omi náà. Ó bi mí pé níbo ni wọ́n kọ ìlérí náà sí. Mo ní ẹnu ni. Ó ní òun yóò ro ó.

Túsìdeè, 16 Fẹ́búárì

Ọlọ́run ṣeun. Ọ̀gá tuntun ní kí wọ́n dáwọ́ dúró títí òun yóò fi fojú ara òun rí ibẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè dúró kí n jẹun kí n tó gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ fún wọn. Malam Sule di ọwọ́ mi mú, kò tètè fi í sílẹ̀. Wọ́n so àkùkọ kan mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi, ó ń pariwo títí mo fi dé Sabon Gari àdúgbò wa, àwọn ọmọ sì ń sáré tẹ̀ lé mi. Ìyá Bùnmi ní ó pẹ́ tí òun ti gbọ́ ẹ̀rín mi kẹ́yìn. A pa àkùkọ náà lálẹ́.

Túsìdeè, 23 Fẹ́búárì

Àṣẹ dé láti òkè. Wọ́n ní kí a gé gbogbo rẹ̀, ti ìdí ìsun náà pẹ̀lú. Ọ̀gá tuntun kò lọ wo ibẹ̀ rárá. Ó ní ogun là ń jà, Obadiah. Ó ní kí n lọ sàmì sí ìyókù.

Wẹ́sìdeè, 24 Fẹ́búárì

Mo ní ara mi kò yá. N kò lọ.

Tọ́sìdeè, 25 Fẹ́búárì

Mo lọ. Igi ìdí ìsun náà tóbi ju ti ibòmíràn lọ, gbòǹgbò wọn sì wọ inú omi. Lámí wá pọn omi bí mo ṣe ń kùn wọ́n. Ó gbé ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ mi. Kò bú mi. Ó wù mí kó bú mi.

Mọ́ńdè, 1 Máàṣì

Nígbà tí àwọn alágbàṣe dé ìsun náà láàárọ̀, wọ́n bá àwọn obìnrin níbẹ̀, àwọn mìíràn gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n fẹ̀yìn ti igi. Lámí ló kó wọn wá. Ẹ̀gbọ́n Mùnírù ránṣẹ́ sí ìlú. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ọ̀gá dé pẹ̀lú ọlọ́pàá.

Malam Sule sáré wá láti abúlé láìwọ bàtà. Mo fi etí mi gbọ́ bó ṣe ń bẹ àwọn obìnrin náà pé kí wọ́n dìde, kí wọ́n má fi ara wọn wéwu. Wọn kò dìde. Àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn níkọ̀ọ̀kan. Ọmọ ń ké. Ìkòkò fọ́ níbi púpọ̀.

Ọ̀gá ní kí n bi wọ́n léèrè ta ni olórí wọn. Mo bèèrè ní Háúsá. Lámí la ẹnu.

Malam Sule bọ́ síwájú rẹ̀. "Ni ne," ó ní. "Èmi ni."

Ọ̀gá wò mí. "Kí ló wí?"

Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, Lámí ni wọ́n máa mú, obìnrin tí kò lè rìn dé ẹnubodè ìlú láìsinmi. Bí n kò bá sọ ọ́, ọkùnrin yìí ni. Ojú Malam Sule kò kúrò lára mi. Ojú náà kò bẹ̀ mí, ó ń pàṣẹ fún mi.

Mo ní, "Ó ní òun ni."

Wọ́n dè é lọ́wọ́. Kí ọkọ̀ wọn tó ṣí, ayùn ti bẹ̀rẹ̀.

Fúráìdeè, 5 Máàṣì

Wọ́n ti rọ Malam Sule lóyè, wọ́n sì fi í sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta. Mo lọ rí i ní ọgbà ẹ̀wọ̀n inú ìlú. Ó ti ń wú ní ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà Bùnmi, ó ní ṣé ikọ́ náà ti lọ. N kò rántí ìgbà tí mo sọ fún un pé ọmọ náà ń wúkọ́.

Mo ní, "Malam, ẹ darí jì mí."

Ó ní, "O túmọ̀ rẹ̀ dáadáa."

Mọ́ńdè, 15 Máàṣì

Igi ìdáná ti di wúrà ní Sabon Gari. Gbogbo ohun tó ń wọlé, ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ojú irin ló ń gbà lọ. Àwọn aládùúgbò ń fi pòpórò bàbà dáná, èéfín rẹ̀ ń ta gbogbo ojú.

Nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́, igi wà lẹ́bàá ògiri wa, tí wọ́n tò dáadáa. Àyìn ni. Àmì ọ̀dà mi ṣì wà lára àwọn kan.

"Ta ló gbé e wá?"

"Amudat ló ní kí wọ́n gbé e wá," Ìyá Bùnmi ní. "Kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí."

"Dá a padà."

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Bàbá Bùnmi, láti àná ni pákó àpótí tí mo ń fi dáná ti tán. Ọmọ kò tíì jẹ nǹkan gbígbóná lónìí. Bí mo bá dá a padà, ṣé igi náà máa padà lọ dúró nínú igbó?"

Ó dáná. Kò ní èéfín rárá, ó jó dáadáa bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo jẹ oúnjẹ náà tán.

Sọ́ńdè, 28 Máàṣì

Oòrùn yìí kì í ṣe kékeré. Bíbélì gbóná lọ́wọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Sátidé, 10 Éépírì

Kò sí igi kan mọ́ ní Kúkà Ukù tí ènìyàn lè fi ẹ̀yìn tì. Láti ẹnu ọ̀nà àbáwọlé igbó, mo ń rí abúlé kedere, èyí tí n kò rí rí láti ibẹ̀. Ìsun omi náà ti di ẹrẹ̀. Àwọn obìnrin ń fi igbá wa yanrìn, wọ́n ń dúró dè é kó sun díẹ̀, wọ́n ń bù ú. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n kí mi, "Sannu, Mai Daji," wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Mo kọ ọ́ fún ọ̀gá. Ó ní gbogbo omi ló ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Mo ní èyí kò gbẹ rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n ṣọ́ra, pé òun ti gbọ́ pé èmi ni mo kọ́ àwọn obìnrin yẹn lóhun tí wọ́n ṣe. N kò mọ ẹni tó sọ fún un. Mo ní irọ́ ni. Bí mo ṣe ń jáde, mo rò ó pé ì bá dára ká ní òótọ́ ni.

Sọ́ńdè, 25 Éépírì. Ọjọ́ Àjíǹde

Mo kọrin pẹ̀lú wọn. Mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ orin náà, n kò sì rí nǹkan kan nínú wọn.

Lẹ́yìn ìsìn mo gbọ́ pé wọ́n ti dá Malam Sule sílẹ̀ nítorí àìsàn. Orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n gbé e sí lọ sílé.

Sátidé, 8 Máyì

Òjò àkọ́kọ́. Mo lọ sí Kúkà Ukù láàárọ̀ kí ilẹ̀ tó gbẹ. Ilẹ̀ tí igi dì mú tẹ́lẹ̀ ti ṣí, gbogbo rẹ̀ ṣàn wálẹ̀ láti orí àpáta, pupa bí ẹ̀jẹ̀ ẹran, ó sì dí ìsun omi náà pátápátá. Mo fi igi gún ẹrẹ̀ náà láti wá ibi tí ojú rẹ̀ wà. N kò rí i.

Àwọn ìdílé kan ti ń di ẹrù. Haruna, àbúrò Malam Sule, ní apá ọ̀nà Wudil ni àwọn ń lọ, ọ̀dọ̀ àna àwọn. Mo bá wọn gbé àkéte kan sórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Malam Sule ń wò wá láti abẹ́ àtíbàbà, kò lè dìde.

Wẹ́sìdeè, 19 Máyì

Ẹ̀gbọ́n Mùnírù wá. Láti Fẹ́búárì kò tíì tẹ ilé wa. Ó ti rù, agbádá rẹ̀ so kọ́ ọ lọ́rùn bí aṣọ tí wọ́n sá. Wọ́n ti fún un ní igbó mìíràn lápá Zaria, ó ní òun ń lọ lọ́la.

"N kò sùn dáadáa mọ́," ó ní.

Mo fa àga fún un.

"Ká ní èmi kọ̀ ọ́, igbó yẹn ì bá ṣì wà, Obadiah?"

Mo rò ó dáadáa kí n tó dáhùn, nítorí pé ó jẹ mí lógún láti má parọ́ fún un. "Rárá, ẹ̀gbọ́n. Kì bá tí wà."

Mo rò pé ìyẹn yóò tù ú nínú. Ṣe ni ó bo ojú rẹ̀. Ìyá Bùnmi gbé omi wá, kò mu ún. Nígbà tó lọ tán, ìyàwó mi ní ó yẹ kí n sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó yẹ lóòótọ́.

Sátidé, 12 Júùnù

Wọ́n ránṣẹ́ láti apá Wudil pé Malam Sule ti kú, wọ́n sì ti sin ín. Ìyá Bùnmi ní kí n má lọ, pé wọ́n lè ṣe mí léṣe. Mo ní bí wọ́n bá ṣe é, kò burú.

Mọ́ńdè, 14 Júùnù

Wọn kò ṣe mí léṣe. Wọ́n tẹ́ ẹní fún mi láàárín àwọn àgbà. Wọ́n gbé túwó wá, Haruna fúnra rẹ̀ bu omi sí mi lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ igi tàbí ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ń sọ irú ènìyàn tí Malam Sule jẹ́, pé kì í jẹun láìpe ẹni tó ń kọjá. Lámí jókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn obìnrin, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ó ní, "Ohùn ta nìyẹn?" Wọ́n ní Mai Daji ni. Ó ní, "Ó káre tó wá."

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Haruna sìn mí jáde. Lẹ́yìn abúlé náà, igbó kan wà níbẹ̀, kò tóbi, àyìn àti àjàgbọn, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ewé wọn. Odò kékeré kan ń ti abẹ́ rẹ̀ jáde. Mo dúró wò ó. N kò lè má wò ó.

"Òyìnbó kan wá lọ́sẹ̀ tó kọjá," Haruna ní. "Òun àti akọ̀wé kan tí a kò mọ̀. Wọ́n rìn yí i ká. Akọ̀wé náà ní wọ́n fẹ́ bá wa tọ́jú rẹ̀. Ó ní kí a má fọwọ́ kàn án." Ó dúró díẹ̀. "Mai Daji, àwọn ẹni tí a wá bá níbí ń bi wá léèrè ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe, nítorí pé àwa la ti rí irú rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ìwọ mọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Kí ni kí a ṣe?"

Àwọn ọkùnrin mélòó kan ti tẹ̀ lé wa jáde. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wo ẹnu mi. Mo wo igi wọ̀nyẹn. Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ọjọ́ orí mi kọ́ ni bí a ṣe ń pa irú wọn mọ́.

"Ẹ gé e," mo ní.

Haruna rò pé òun kò gbọ́ mi. "Kí lo wí?"

"Ẹ gé e kí wọ́n tó padà dé. Ẹ fi kọ́lé, ẹ fi dáná, ẹ tà á lọ́jà. Ẹ má ṣẹ́ ọ̀kan kù."

"Odò ńkọ́?"

"Yóò gbẹ, bí àwọn náà bá wá gé e yóò gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa jẹ igi náà."

Mo gun kẹ̀kẹ́ mi. N kò tíì dé ojú ọ̀nà ńlá tí mo fi gbọ́ àáké àkọ́kọ́ lẹ́yìn mi. N kò wẹ̀yìn.